Iná Lésà àti Ojú Alátọ̀gbẹ: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Sọ ní Ẹdẹ



Ọ̀rọ̀ ojú la bá wá. Àtọ̀gbẹ a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú jẹ́. Wọn á máa jo. Àwọn tuntun tí kò lágbára á hù, wọn á sì bẹ́ sínú ojú. Kì í dunni, ojú sì lè máa ríran dáadáa títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Iná lésà ni dókítà fi ń jó ibẹ̀ ní tótòtó. Ní 1976, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń dín ewu ìfọ́jú kù ní ìlàjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: kì í dá ìríran tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ẹni tó bá ń retí kí ojú òun mọ́lẹ̀ sí i lọ́jọ́ kejì yóò kàn bínú lásán ni.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀ àti ní UCH Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. A ń yá ara wa lówó ilé, owó ọjà, owó iléèwé ọmọ. A rọ ìgbìmọ̀ kí wọ́n fi owó àyẹ̀wò ojú kún un, kí alátọ̀gbẹ lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ohun dúdú bí eṣinṣin tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú rẹ̀.