Ààrẹ Tó Bá Sòbìà Jà

Ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni wọ́n ní kí n sọ. Wọ́n pọ̀, àkókò kò sì tó. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan, ẹni tí wọ́n fi ìbò yọ lórí àga: Jimmy Carter.

Àgbẹ̀ ẹ̀pà ni, láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Plains, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó di ààrẹ ní 1977. Ó wá sí Èkó ní 1978, Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ló gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n nílé, ọjà gbówó lórí, wọ́n sì mú àwọn ará Amẹ́ríkà 52 nígbèkùn ní Iran fún ọjọ́ 444. Nínú ìdìbò 1980, ó fìdí rẹmi, Ronald Reagan wọlé. N kò ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ka ìjọba rẹ̀ sí èyí tó kùnà.

Ẹni ọdún 56 ni nígbà náà. Ó padà sí Plains, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní 1982, òun àti Rosalynn aya rẹ̀ dá Carter Center sílẹ̀. Ní 1986, àjọ náà dojú kọ sòbìà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìdèrè àti káàkiri Ìbàràpá, èmi kọ́ ni n ó ṣàlàyé sòbìà fún yín. Àwọn ọmọ ni mo ń bá wí. Ènìyàn á mu omi adágún tí kòkòrò tín-tìn-tín wà nínú rẹ̀. Tó bá tó bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á máa ta á bí iná. Ẹni náà á ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú lára, ibẹ̀ gan-an ni aràn yóò ti tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tó ń wò ó. Igi kékeré ni wọ́n fi ń ká a jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá bọ́ sígbà iṣẹ́ oko, bàbá á wà lórí ẹní, koríko á gba oko.

Àwọn àgbà ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là ń ké sí. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni olúgànbe tiwọn, àti oògùn tí wọ́n ń dà sómi láti pa kòkòrò, àti kànga tó mọ́. Ọ̀gágun Yakubu Gowon dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ń ti abúlé dé abúlé. Ẹ wo àwọn méjèèjì: ọ̀kan, ìbò ló yọ ọ́, èkejì, àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lé e ní 1975!

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni ẹni ìkẹyìn ní i. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán níbí.

Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ mú Carter ní 2015, ó ní òun fẹ́ kí sòbìà ìkẹyìn kú ṣáájú òun. Òun ló ṣáájú, ní December 29, 2024, lẹ́ni 100 ọdún. Lọ́dún náà, ènìyàn 15 péré ni sòbìà mú ní gbogbo ayé, 9 ní Chad, 6 ní Gúúsù Sudan.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá délé, ẹ ní kí ìyá àgbà fi àpá ẹsẹ̀ wọn hàn yín.