Fídíò Tí Ó Ń Gbé Olè Wọlé

Ọ̀rọ̀ fóònù ọwọ́ wa ni mo bá wá.

A ti máa ń gbọ́ pé kí a má ṣe tẹ ohun tí a kò mọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2015, Joshua Drake, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Zimperium ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé olè lè wọ fóònù Android láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ ohunkóhun. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ti tó. Olè á fi tẹ́ẹ̀sì tí ó gbé fídíò ránṣẹ́. Ẹni tó ni fóònù lè máa sùn lọ́wọ́!

Báwo ni? Ẹ gbọ́. Apá kan wà nínú Android tí ó ń tú fídíò àti orin palẹ̀ kí a tó lè wò ó, tàbí kí a gbọ́ ọ. Stagefright ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi obì ṣe àpẹẹrẹ, ta ni kò mọ òwò obì ní Rẹ́mọ? Ẹnì kan gbé àpò wá, ó kọ ọ́ sí i lára pé igba obì ni. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ gbé agbọ̀n tó gba igba kalẹ̀. Ó da àpò, ẹgbẹ̀rún ló tú jáde! Agbọ̀n kún, ìyókù dà bo ìwé tí ẹ kọ iṣẹ́ àwọn ọmọọṣẹ́ yín sí. Nínú fóònù, àṣẹ olè ni ìyókù yẹn. Ibi tí fóònù ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀ sí ni ó dà sí, fóònù á sì máa ṣe é.

Zimperium ní fóònù bí 950 mílíọ̀nù ni ọ̀ràn náà kàn. Google ṣe àtúnṣe, ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í dé ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́. Èyí ló dùn mí jù, nítorí tálákà ló ń ra tòkunbọ̀, inú rẹ̀ náà ni owó rẹ̀ ní báǹkì wà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n tún rí irú àléébù bẹ́ẹ̀ nínú WhatsApp, nípa fídíò MP4. Nítorí náà, bí WhatsApp bá ní kí ẹ ṣe “Update”, ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí “Settings”, kí ó fi ọjọ́ tó wà lábẹ́ “Android security” hàn yín. Bí ọjọ́ náà bá ti pẹ́, tí àtúnṣe tuntun kò sì sí, ẹ dá fóònù rẹ̀ padà fún un.