Àlejò Tó Di Ọmọ Ilé: Ìtàn Àròsọ Nàìjíríà àti Ìfẹ́ Tí Ilé Kò Fẹ́ Dárúkọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti kọ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn nípa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jiyàn lórí àwọn ìwé yìí láì ṣí wọn wò. Àwọn kan ń yìn wọ́n nítorí pé òǹkọ̀wé wọn láyà. Àwọn mìíràn ń bẹnu àtẹ́ lù wọ́n nítorí ohun tí wọ́n dá lé. Tọ̀tún tòsì ló gbàgbé pé ìtàn ni wọ́n, àti pé ìtàn ní ohun tí a fi ń mọ èyí tó dùn, tó sì jinlẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ìtàn wọ̀nyí kò gbèrú títí di ìgbà tí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kúrò ní àlejò, tó di ọmọ ilé. Láti ìgbà náà, bí òǹkọ̀wé bá ṣe mọ inú àwọn ará ilé yòókù tó, ìyá, ìyàwó, ọkọ, àbúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rẹ̀ ṣe ń dára tó.

Ní 1965, Wọlé Ṣóyínká gbé The Interpreters jáde, ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan tó kàwé, tí ayé òmìnira tuntun sì ń rú lójú. Joe Golder ni ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nínú ìwé náà: ọmọ Amẹ́ríkà, olùkọ́ yunifásítì, akọrin, tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan, tó sì ń fi gbogbo ara wá bí yóò ṣe di dúdú pátápátá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Noah, já bọ́ láti òkè ilé Golder, ó sì kú, nítorí ìbẹ̀rù ohun tí Golder fẹ́ bá a ṣe. Ní 1977, Ama Ata Aidoo, ọmọ Gánà, kọ Our Sister Killjoy. Níbẹ̀, Marija, ìyàwó ilé kan ní Jámánì tí ọkọ rẹ̀ kì í gbélé, ló nawọ́ ìfẹ́ sí Sissie tó wá láti Gánà. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì kò fi ìkà kọ ènìyàn wọn. Ìdáwà Golder àti ti Marija ń wọni lára. Ṣùgbọ́n lójú ilé Áfíríkà, àlejò ni àwọn méjèèjì. Chris Dunton, nínú àròkọ kan tó gbé jáde ní 1989, yẹ ọ̀pọ̀ ìwé Áfíríkà wò, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí gba ojú ọ̀nà kan náà: ohun tó ti òkè òkun wá, tí a fi ń júwe bí òyìnbó ṣe ba ayé jẹ́.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí iṣẹ́ ọnà. Àlejò inú ìtàn kì í ní ìyá. Kò sí ẹ̀gbọ́n tó máa bi í léèrè ọjọ́ tó máa gbé ìyàwó wálé, kò sí ọmọ tó ń fojú sọ́nà fún un ní ìrọ̀lẹ́. Òǹkọ̀wé lè mú un wọlé nígbà tó bá nílò rẹ̀, kó sì lé e jáde nígbà tó bá sú u. Ìfẹ́ tí kò ní ẹbí yí ká kò lè bí ju ìtìjú tàbí ìjàǹbá lọ, nítorí náà ni Golder ṣe parí sí ìjàǹbá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ojú ayé ìgbà náà ni òǹkọ̀wé ń fi wò, mo gbà; síbẹ̀ ojú ayé kò lè sọ àìtó di tító.

Jude Dibia ló mú àlejò náà wọ ilé ní 2005, nínú Walking with Shadows. Adrian Njoko, tí ilé sọ ní Ebele, jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ó ní ìyàwó tó ń jẹ́ Ada, ó sì ní ọmọbìnrin kan. Ẹni tó tú u fó pé ó ń fẹ́ ọkùnrin ni òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ gbẹ̀san. Bí àṣírí ti tú, tẹbí-tará kóra jọ, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa ìwé yìí: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ máa ń gan nígbà mìíràn, bí ẹni pé orí àga àpérò ni wọ́n jókòó sí, tí oníkálukú ń ka èrò tirẹ̀. Pásítọ̀ rẹ̀ jẹ́ aburú ponbele, kò sí ìmí ẹ̀dá lára rẹ̀. Àmọ́ nígbàkígbà tí Dibia bá padà sọ́dọ̀ Ada, ìwé náà máa ń jí. Obìnrin yìí kò ṣẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì fi ìkà fẹ́ ẹ. Irọ́ tí ọkọ pa fún ara rẹ̀ ló di ilé tí aya ń gbé. Ẹni tó bá ní ìwé yìí ń polongo ìwà kan, kó tún lọ ka ibi tí Ada ti ń ronú lórí ọdún tó ti lò. Kò sí ìpolongo kankan níbẹ̀. Ìbànújẹ́ ló wà níbẹ̀, ó sì tọ́ sí obìnrin náà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 2015, Chinelo Okparanta gbé Under the Udala Trees jáde. Ogun Biafra ló fi bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù pa bàbá Ijeoma ní Ojoto ní 1968. Ọ̀fọ̀ àti ebi da orí ìyá rẹ̀, Adaora, rú, ó sì fi ọmọ ránṣẹ́ sílé olùkọ́ kan ní Nnewi. Níbẹ̀ ni Ijeoma, ọmọ Igbo, ti pàdé Amina, ọmọ Haúsá tí ogun sọ di aláìlóbìí. Àwọn méjèèjì di olólùfẹ́. Nígbà tí wọ́n ká wọn mọ́, ìyá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Aba, ó ṣí Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì, ó sì ń kọ́ ọ lójoojúmọ́. Àwọn ojú ewé yìí ni mo kà sí èyí tó dára jù nínú ìwé náà. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń béèrè. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìtàn ọmọ Léfì tó ti àlè rẹ̀ síta fún àwọn ọkùnrin Gíbíà nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, ìbéèrè ọmọ ju ìdáhùn ìyá lọ, àwa òǹkàwé sì rí i pé Adaora fúnra rẹ̀ mọ̀. Okparanta kò sọ ọ́ di òṣìkà. Opó ni, ogun ti gba ọkọ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun gba ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá náà gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra níkẹyìn, ó bá ọgbọ́n mu, nítorí pé a ti rí ọ̀nà jíjìn tó rìn kó tó débẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti já mi kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Chibundu, ọkọ tí Ijeoma fẹ́ nítorí àtitẹ́ ìyá lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni, oníyẹ̀yẹ́ ènìyàn, a sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó di ọkọ. Kété tó rí àwọn lẹ́tà tí ìyàwó rẹ̀ kọ sí Ndidi, obìnrin tí Ijeoma fẹ́ràn, ó yí padà di òǹrorò, òǹkọ̀wé kò sì fún wa ní àyè tó láti rí bí ọkàn rẹ̀ ṣe bàjẹ́. Ọ̀wọ̀ tó bu fún ìyá, kò bù ú fún ọkọ. Bákan náà ni ti Adanna, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sọ di ilé ijó lóru. Iná ni wọ́n fi pa á, ikú náà sì bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa tó fi kú. Ikú ẹni tí a kò mọ̀ lè ká òǹkàwé lára fún ìṣẹ́jú kan. Kì í bá a lọ jìnnà.

Okparanta mẹ́nu kan òfin nínú àkíyèsí tó fi parí ìwé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àtakò tó lágbára jù ti ń wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe é, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Àwọn kan ń béèrè pé, kí ló dé tí a ó fi máa ka ohun tí òfin, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lòdì sí, tí a tún ń fi kọ́ ọmọ? N kò fojú tín-ín-rín wo ìbéèrè yìí, nítorí pé òbí tó ń béèrè rẹ̀ ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Adaora ṣe bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí a ti ń ka ìwé tiwa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Ọ̀daràn kún inú wọn, a fi wọ́n kọ́ ọmọ níléèwé, kò sì sí ẹni tó ní Òkédìjí ń pe ọmọ Yorùbá sí olè jíjà. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 fi bí ọ̀rọ̀ aya fífẹ́ ṣe lè da ọkàn ọ̀dọ́ rú hàn wá, a sì kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ìtàn ń jẹ́ ká wọ inú ẹni tí a kì í ṣe. Bí ó bá ṣe èyí dáadáa, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òǹkàwé sì lómìnira láti di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, èyí tó mọ ilé jù lọ ni The Death of Vivek Oji tí Akwaeke Emezi kọ ní 2020. Láti orí àkọlé la ti mọ̀ pé Vivek kú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ akwete dì í, ìyá náà, Kavita, tó wá láti Íńdíà, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti mọ ẹni tó pa ọmọ òun. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Nígbà tí a ti mọ ikú tẹ́lẹ̀, ikú kò lè jẹ́ ohun tí a fi ń dẹ́rù ba òǹkàwé mọ́; ohun tó kù láti wá ni ìgbésí ayé. Gbogbo ọ̀dọ́ tó yí Vivek ká ló mọ̀ pé ó ń wọ aṣọ obìnrin, pé ó tún ń jẹ́ Nnemdi, àfi ìyá àti bàbá tó bí i. Arábìnrin Mary, aya ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè lé ẹ̀mí búburú jáde lára rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti lù ú. Kavita gbọ́, ó sì bá Mary jà. Ìyá tó lè jà báyìí fún ọmọ rẹ̀ ni ọmọ náà kò lè finú hàn. Emezi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú èyí. Ó kàn jẹ́ ká rí i pé ìfẹ́ wà nílé náà, ìbẹ̀rù sì wà, àti pé ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ gbé fọ́tò Nnemdi síwájú Kavita, ìbínú, ẹ̀kún àti ìyàlẹ́nu ló jọ bá a, wọ́n sì jẹ́ òótọ́.

Àbùkù kan wà tí n kò lè gbójú fò. Osita, olólùfẹ́ Vivek, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Lójú Yorùbá àti lójú Igbo, èèwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni èyí, yálà ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n tàbí ọkùnrin méjì. Ìwé tó mọ ẹbí tó báyìí yẹ kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn Osita, ṣùgbọ́n ó sáré kọjá lórí rẹ̀, bí ẹni pé èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Èmi rò pé ibi tí ìwé náà ti lè jinlẹ̀ jù lọ nìyẹn.

Àtakò kejì ni pé nítorí ẹ̀bùn àti òǹkàwé òkè òkun ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé wọ̀nyí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé Okparanta àti ti Emezi, ẹ ó sì rí ibi tí Okparanta ti ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ Aba kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tẹ ti Dibia. God's Children Are Little Broken Things tí Arinze Ifeakandu gbé jáde ní 2022 gba ẹ̀bùn Dylan Thomas ní 2023. Síbẹ̀ kì í dúró ṣàlàyé Kano tàbí Nsukka fún àlejò kankan. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀, Where the Heart Sleeps, tí ọmọbìnrin kan wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, tó bá ọkùnrin tó ti ń bá bàbá náà gbé nílé. Kò sí ẹni tí wọ́n sun níná, kò sí ìwàásù. Ọmọ ń ṣọ̀fọ̀, ọkùnrin náà ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni òkú sì wà láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó síbi ètò ìsìnkú ní ilẹ̀ yìí mọ bí ìbéèrè náà ti wúwo tó. Ẹ̀bùn kò lè bí irú ìtàn yìí.

Fún àwa òǹkàwé Yorùbá, ìwé tó yẹ ká tún ṣí ni The Secret Lives of Baba Segi's Wives tí Lọlá Ṣónẹ́yìn kọ ní 2010. Ìbàdàn ni, ilé olórogún. Gbogbo ènìyàn ló rántí àṣírí pé ọkọ kò lè bímọ. Ìwọ̀nba ló rántí pé Ìyá Sẹ̀gi, ìyáálé tó di ilé náà mú, fẹ́ràn ọmọbìnrin kan nígbà èwe rẹ̀, àti pé ìyá rẹ̀ ló yára fi í fún ọkọ. Kò sí òyìnbó kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyáálé ni, alágbára lórí owó àti lórí ọmọ. Ojú ewé díẹ̀ ni Ṣónẹ́yìn fún ìfẹ́ náà, ẹ̀rín àti ìjà orogún sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo kà á sí àǹfààní tó bọ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó já fáfá, nítorí pé agbára tí Ìyá Sẹ̀gi ń lò lórí àwọn ìyàwó yòókù, àti bó ṣe ń fi owó pamọ́, ní gbòǹgbò nínú ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn obìnrin yìí, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti rí ojú tó fi ń wo ọmọbìnrin náà títí dé ọjọ́ tó di ìyá àgbà láàárín agbo ilé Ìbàdàn, kò tíì ní ìwé tirẹ̀.