Pápá ìṣeré ń jẹ́ Baba Yara ní Kumasi, ṣùgbọ́n Yara fúnra rẹ̀ dà?

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ère tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ nígboro fún àwọn akọni agbábọ́ọ̀lù. Mo gbà, ṣùgbọ́n ìlú Kumasi ní Ghana ni màá gbà wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí bàbá kan ládùúgbò wa.

Bàbá Kumasi la máa ń pè wọ́n. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni wọ́n, àmọ́ Kumasi ni wọ́n ti lo ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó kó ẹrù wálé ní ìparí ọdún 1969. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ló fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Bàbá yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ọjà tí wọ́n pàdánù. Ọ̀rọ̀ Baba Yara ni tiwọn. Wọn á dìde lórí àga, wọn á fi ọ̀pá ìtilẹ̀ ṣe bọ́ọ̀lù, wọn á wá fi hàn wá bí ọkùnrin náà ṣe máa ń tan ẹni tó ń ṣọ́ ọ jẹ lápá ọ̀tún. Àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí mo ti dàgbà, mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán Pápá Ìṣeré Baba Yara hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Yara fúnra rẹ̀ dà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Osman Seidu lorúkọ rẹ̀, Kumasi ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1936. Kó tó di agbábọ́ọ̀lù, ẹṣin eré ìje ló ń gùn. Ẹgbẹ́ Asante Kotoko ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Black Stars. Nígbà tí ìjọba Nkrumah dá ẹgbẹ́ Real Republicans sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣa ojúlówó agbábọ́ọ̀lù láti inú àwọn ẹgbẹ́ yòókù, wọ́n ṣa òun náà.

Lóṣù Kẹta ọdún 1963, ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ láti Kpandu, bọ́ọ̀sì wọn ní jàǹbá ní Kpeve. Eegun ẹ̀yìn Yara ṣẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Ìjọba gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò rìn mọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Ghana gbàlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Yara kò sí lórí pápá. Ó kú lóṣù Karùn-ún ọdún 1969, oṣù mẹ́fà péré ṣáájú kí àwọn èèyàn wa tó kó kúrò ní Kumasi.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Ìdíje ọdún 1963 yẹn ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Pápá Kumasi la ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa méjèèjì. Íjíbítì nà wá ní àmì ayò mẹ́fà sí mẹ́ta, Sudan fi mẹ́rin sí òdo lé e. Pápá yẹn náà ni wọ́n wá sọ lórúkọ Yara nígbà tó yá.

Orúkọ pápá jẹ́ ẹ̀yẹ ńlá, mi ò bú u. Àmọ́ pápá máa ń gbé orúkọ èèyàn mì. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Mò ń lọ sí Baba Yara", "Wọ́n ti Baba Yara pa", "Wọ́n ń tún Baba Yara ṣe". Ọkùnrin ti di kọnkéré àti géètì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Sùúrùlérè. Ẹ bi ọ̀dọ́ tó ń jáde ní pápá Teslim Balogun léèrè ẹni tí Teslim jẹ́. Mélòó ló máa sọ fún yín pé òun ni wọ́n ń pè ní Thunder, tí bàtà rẹ̀ ń sán ààrá, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní London lọ́dún 1956?

Ẹ wo Robert Mensah, aṣọ́lé Kotoko tó bá wọn gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ti ọdún 1970. Wọ́n gún un ní ìgò níbi ìjà ní ilé ọtí kan ní Tema, ó sì kú lóṣù Kọkànlá ọdún 1971. Pápá kan wà ní Cape Coast tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ẹni tó wò ó rí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni fìlà tó máa ń dé wọ pápá, tí àwọn alátakò ń sọ pé oògùn ló wà níbẹ̀. Orúkọ ò lè dé fìlà. Ère lè dé e.

Ṣé ohun àjèjì ni ère jẹ́ fún wa ni? Ní Ọ̀wọ̀, nígbà ayé àwọn bàbá wa, bí èèyàn ńlá bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó rẹ̀, kó jọ ọ́ ní ìdúró àti ìrísí, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á gbé e kiri ìlú. Ó ní láti jọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ olóòkú ò ní gbà. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ sọ pé "à-wò-rántí" ló di àwòrán.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa mi orí báyìí. Mùsùlùmí ni Yara, ọ̀pọ̀ ará Zongo ní Kumasi sì jẹ́ Mùsùlùmí. Aáfà á ní ère èèyàn kò tọ̀nà, orúkọ ló dára jù, kí ẹ sì ṣe àdúà fún òkú. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́, wọ́n ti ṣe ère Mohamed Salah ní Íjíbítì lọ́dún 2018, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kí wọ́n ṣe é fún Yara bí àwọn ẹbí rẹ̀ kò bá fẹ́. Àwọn ni kí a kọ́kọ́ bi.

Ère náà sì ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹ rántí ère orí Ronaldo tí wọ́n gbé sí pápákọ̀ òfurufú Madeira lọ́dún 2017. Gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún kejì. Ní Malmö, kò ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n gbé Zlatan Ibrahimović nàró tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ àná fi ayùn gé e lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, torí ó ra ìpín nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Ní Ghana fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ológun gbàjọba lọ́dún 1966 ni wọ́n wó ère Nkrumah lulẹ̀.

Síbẹ̀ ìyà tó pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé e kalẹ̀ kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá Sùúrùlérè lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí à ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dìde mọ́. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ ọdún 25. Wọ́n ṣe ère rẹ̀ síwájú pápá náà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kan tẹ̀lé òmíràn jẹ́ kí pápá ọ̀hún di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún, ère ń ṣọ́ ahoro.

Ti Arthur Wharton tún yàtọ̀. Accra ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1865, òun sì ni wọ́n ń pè ní aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ oówọ̀ láyé. Ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1930 nínú ìṣẹ́, sàréè rẹ̀ kò ní òkúta orúkọ títí di ọdún 1997. Lọ́dún 2014 ni wọ́n wá ṣí aṣọ lójú ère idẹ rẹ̀ ní St George's Park. Ọmọ Accra ni o, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ère wà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe ti akọni kankan. Ó wà níta pápá ìṣeré Accra. Lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, Hearts of Oak àti Kotoko ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn olólùfẹ́ Kotoko bínú, wọ́n ń ju àga, ọlọ́pàá yin tajútajú, àwọn èèyàn sá lọ sí géètì, géètì wà ní títì. Èèyàn 126 ló kú. Ère náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tó gbé ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i pé òun ni olùtọ́jú arákùnrin òun. Ẹ ò ní rí ife ẹ̀yẹ níbẹ̀, ẹ ò sì ní rí bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà, bí àwọn ẹbí Yara bá gbà, tí wọ́n sì bi mí léèrè bí ó ṣe yẹ kó rí, mi ò ní sọ pé kí wọ́n ṣe é níbi tó ti ń sáré. Gbogbo ère agbábọ́ọ̀lù ló ń sáré. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ọdún mẹ́fà ló lò láìrìn, ní orílẹ̀-èdè tó ń gba ife láìsí òun níbẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ara ayé rẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má ga, kí ọmọdé lè fọwọ́ kan eékún rẹ̀ kó sì bi bàbá rẹ̀ pé kí ló ṣe ẹni yìí.

Mo sọ èyí fún Bàbá Kumasi. Wọn ò gbà rárá. Wọ́n ní, "Jókòó kẹ̀? Yara tí mo mọ̀?" Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀pá wọn, wọ́n tún dìde.