Káàdì Ọdún Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé ìkórè

Iṣu ti ń wọ abà, àgbàdo ti gbẹ, ọwọ́ sì ń dilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ báyìí ni ọkàn máa ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ káàdì ìkíni ọdún ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí: bí a ṣe lè fi bébà, àlùmọ́gàjí àti ẹ̀kọ ṣe é nínú ilé tiwa, àti ìdí tí a fi rò pé ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe méjì, ó kéré tán, kí ọdún tó dé.

Ẹ má pè é ní eré ọmọdé. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni a bí síhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ nílé-ìwé. Tápà àti Haúsá ni wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó gbọ́ èdè aládùúgbò, wọn kì í rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìyá àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní Ọ̀fà, tàbí ní Ṣakí, ó ní ọmọ-ọmọ mẹ́fà nílẹ̀ yìí, kò sì tíì rí ìwé kan gbà láti ọwọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹbí tí kò bá kọ nǹkan sí ara wọn fún ogún ọdún, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ogún bá délẹ̀ ni wọn óò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti di àlejò sí ara wọn.

Ẹnì kan yóò ní fóònù wà. Ó wà lóòótọ́, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n àwòrán ìkíni tó ń wá lórí fóònù, ẹni tí a kò mọ̀ rí ló yà á, àìmọye ènìyàn ló sì ti fi ránṣẹ́ kí ó tó kàn yín. Bí fóònù bá bọ́ sómi, ó parí. Káàdì yóò wà lára ògiri yàrá ìyá àgbà títí di ọdún mìíràn, gbogbo ẹni tó bá wá kí i ni yóò sì máa nawọ́ sí i hàn.

Káàdì títẹ̀ tí à ń rà lọ́jà gan-an kò pẹ́ láyé púpọ̀. Ní 1843 ni Henry Cole, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí ayàwòrán J. C. Horsley ya káàdì Kérésìmesì fún òun, nítorí lẹ́tà ìkíni tó yẹ kí ó kọ ti pọ̀ jù fún un. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń tà á ní ṣílè kan lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ìwé kíkọ ti pọ̀ jù fún ni wọ́n ṣe é fún. Àwa tí a kò tíì kọ ẹyọ kan, kí ni a fẹ́ dín kù?

Àwọn baba wa ní ọ̀nà tiwọn kí ìwé tó dé. Wọ́n ń pa àrokò. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni, ó ń wí pé ọkàn mi ń fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya owó ẹyọ mẹ́fà sí iwájú káàdì rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá mọ àrokò, kí wọ́n tó ṣí inú rẹ̀ kà fún un ni yóò ti gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sídìí iṣẹ́.

Bébà líle tí wọ́n ń pè ní kádíbọ́ọ̀dù ni ó dára jù, ó wà lọ́jà. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó gé páálí bísíkíìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì lẹ bébà funfun mọ́ ọn lójú. Bébà A4 tí à ń rí káàkiri, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Ẹ gé e sí méjì lágbede méjì gígùn rẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po. Káàdì méjì dé nìyẹn.

Ìṣẹ́po yìí ni ó ń ba káàdì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Bébà ní ìhà tó rọ̀ àti ìhà tó le, gẹ́gẹ́ bí pákó ṣe ní ìlà tó ń gbà là. Kí ẹ tó gé e, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún: ìhà tí kò bá yín jà ni kí ẹ ṣẹ́ sí. Ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà kan gbòòrò, kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò ní ya, kò sì ní wọ́.

Ní ti ohun tí a óò fi lẹ̀ ẹ́, kò sí ìdí láti ra gúlúù ní abúlé tí ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ tó báyìí. Ẹ rin ẹ̀gẹ́, ẹ fi omi sẹ́ ẹ nínú aṣọ, kí ẹ jẹ́ kí omi náà tòrò di òwúrọ̀. Ohun funfun tó silẹ̀ ni a fẹ́. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí kan rẹ̀, kí ẹ dà á sínú omi híhó bíi ṣíbí márùn-ún, kí ẹ máa rò ó lórí iná títí yóò fi kúrò ní funfun tí yóò máa dán. Àwọn aládìírẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta kò ṣàìmọ irú ẹ̀kọ báyìí; ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára aṣọ, ìyẹ́ náà sì ni kí ẹ fi tọ́ ọ sára bébà. Kí ó fẹ́lẹ́ o! Bí ó bá nípọn, bébà yóò hunjọ, aáyán yóò sì fi káàdì yín ṣe oúnjẹ alẹ́. Ẹ fi pákó àti bíríkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ kún oko. Háhá àgbàdo tí a rẹ sómi tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, òdòdó ló ń dà. Àjákù àdìrẹ àti ànkárá wà lọ́dọ̀ télọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ilá tí a gé ní ìbú, tí a tẹ̀ bọ osùn pípò, ìràwọ̀ ni yóò tẹ̀ sára bébà. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ àmì tirẹ̀, kí ó fi ọ̀dùnkún gbẹ́ ẹ, nítorí iṣu a máa yọ̀ lọ́wọ́. Ata-ilẹ̀ pupa ń pọ́n bébà bí ìyeyè, àmọ́ oòrùn tètè ń pa á rẹ́. Omi ìsápá pupa ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù: bí a bá kán omi eérú sí i, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà lójú wọn, pípọ́n rẹ̀ á lọ, á di bí aró tàbí bí ewé.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun kan dìde nínú káàdì nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ẹ gé ojú ibi ìṣẹ́po ní ọ̀nà méjì, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà méjì jìnnà síra, kí wọ́n sì wọlé tó mẹ́ta. Ẹ ti ohun tó wà láàrin méjèèjì sínú, yóò dúró bí àpótí ìjókòó. Ẹ lẹ ilé tàbí àgbò mọ́ ọn níwájú, kí ẹ fi bébà mìíràn bo ẹ̀yìn káàdì. Bí bàbá àgbà bá jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, oṣù àti ìràwọ̀ tó.

Inú rẹ̀ wá kù, ibẹ̀ ni a sì ń lọ láti àárọ̀. Kí ọmọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń falẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà àlòkù, kí ẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó fi “ẹ” kí àgbà, kì í ṣe “o”. Kí ó dárúkọ ara rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀, kí ó kí wọn kú ọdún, kí ó wúre pé à ṣèyí ṣàmọ́dún, kí ó sì fi ìròyìn kan ṣoṣo kún un: eyín tó ká, ewúrẹ́ tó bí ìbejì, ebè tó kọ. Ẹ rí i pé ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé “Bàbá ra ọkọ tuntun” láìsí àmì, tí ó sì jẹ́ ọkọ́ ìroko ni ẹ rà, ọkọ̀ ni wọn óò kà á sí nílé. Kí ẹ máa retí àwọn tí yóò wá yá owó.

Ẹ fi bébà A4 mìíràn ṣe àpò rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ agboolé sí i pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Ti Kérésìmesì rọrùn, ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ti Iléyá, ẹ ka oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́sàn-án láti ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀, nítorí ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú. Ẹ fi lé ẹni tó ń relé lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ má sì gbàgbé baálẹ̀ tó fún wa ní ilẹ̀ tí à ń ro. Ẹ ṣe tirẹ̀ náà, kí ẹ̀yin àgbà fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ fún un, pẹ̀lú iṣu.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, a óò pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé. Ẹ̀kọ wà lọ́dọ̀ wa. Kí olúkúlùkù mú àlùmọ́gàjí, àjákù aṣọ àti ilá méjì wá, kí ìyá tó bá mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ sì tètè dé, nítorí àwọn ọmọ yóò fẹ́ kọ ọ́ sínú káàdì wọn.