Ẹ Kú Ìsinmi: Ìsinmi àti Eré nínú Ìgbésí Ayé Onígbàgbọ́

Kò sí ipò tí Yorùbá lè bá ọmọnìkejì wọn tí wọn kò ní ìkíni tí ó bá a mu. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni a ń kí pé, ‘Ẹ kú iṣẹ́.’ Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní abẹ́ igi, tí kò ṣe ohunkóhun, òun náà ní ìkíni tirẹ̀: ‘Ẹ kú ìsinmi.’ Bí ènìyàn bá sì dé ìdí ọpọ́n ayò, yóò ní, ‘Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.’ Wọn yóò dá a lóhùn pé, ‘Ọ̀ta ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn.’ Èyí fi hàn pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò ka ìsinmi àti eré sí ohun ìtìjú. Wọ́n kà wọ́n sí ipò iyì tí a lè bá ènìyàn, kí á sì kí i sí i.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wọ yàrá àwọn olùkọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó sì kí Onígbàgbọ́ kan níbẹ̀ pé, ‘Ẹ kú ìsinmi àná,’ ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀rín ni onítọ̀hún yóò fi dáhùn. Ìsinmi wo? Agogo márùn-ún ni ó jí ní àná. Ó kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ìpàdé ẹgbẹ́ wà. Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ jókòó. Lẹ́yìn èyí, àwọn akọrin kọ́ orin. Ìgbà tí ó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti òkìtì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní láti yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí ń jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gan-an ni ó rẹ̀ ẹ́ jù lọ láàrin ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá yẹ kí á bi ara wa ni pé: kí ni ìsinmi jẹ́ nínú ẹ̀sìn Kristi? Ṣé ìwọ̀nba àkókò tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ ni, tàbí apá kan ìjọsìn fúnra rẹ̀?

Orúkọ mẹ́ta ni àwọn Onígbàgbọ́ Yorùbá fi ń pe ọjọ́ náà: Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀, Ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ ti wà kí ẹ̀sìn Kristi tó dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó ń yípo láyé àtijọ́, a sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Bí ọ̀sẹ̀ òrìṣà bá pé, ọ̀pọ̀ olórìṣà kì í lọ sí oko. Nítorí náà, èrò pé ọjọ́ kan wà tí kì í ṣe ti ọkọ́ àti àdá kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀.

Orúkọ kẹta, ìsinmi, ni ó jinlẹ̀ jù lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé inú mí ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀mí. Etí ọmọ Yorùbá kò sì lè ṣàì gbọ́ mí kan náà nínú sinmi. Irú rẹ̀ gan-an ni ó wà nínú èdè Hébérù tí a fi kọ Májẹ̀mú Láéláé. Níbi tí Ẹ́kísódù orí 31 ti sọ pé Ọlọ́run sinmi ní ọjọ́ keje, ọ̀rọ̀-ìṣe kan tẹ̀ lé e, nafash, tí ó bá nefesh tan. Nefesh ni ọkàn, ni èémí, ni ìwàláàyè. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń sọ ni pé kí èémí padà sí ara, kí ọkàn sì tún jí. Ibi mẹ́ta péré ni ó ti jẹyọ nínú gbogbo Bíbélì Hébérù. Ní ibi kan, Ọlọ́run ni a lò ó fún lẹ́yìn ìṣẹ̀dá. Ní ibi kejì, Ọba Dáfídì ni, nígbà tí ó ń sá fún Ábúsálómù tí àárẹ̀ sì mú un. Ní ibi kẹta, èyí tí í ṣe Ẹ́kísódù orí 23 ẹsẹ 12, ọmọ ẹrúbìnrin àti àlejò ni. Ẹlẹ́dàá, ọba tí ń sá, àti ọmọ ẹrú: ìsinmi kan náà ni a pèsè fún wọn. Kí á fi èyí sí ọkàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí yóò padà sí.

Ìdí méjì ni Ìwé Mímọ́ fi ìdí òfin ọjọ́ ìsinmi múlẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù orí 20, ìṣẹ̀dá ni ìdí náà. Ọjọ́ kẹfà ni a dá ènìyàn. Ọjọ́ keje, tí Ọlọ́run sinmi, sì ni ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Èyí já sí pé odindi ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn lò láyé, ọjọ́ ìsinmi ni. Kò tí ì ro oko kankan, kò tí ì kórè. Ìsinmi kì í ṣe owó iṣẹ́ tí ó gbà. Ẹ̀bùn tí ó bá níbẹ̀ ni. Inú ẹ̀bùn yìí ni ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́.

Nínú Diutarónómì orí 5, ìdí náà yàtọ̀. Níbẹ̀, a ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rántí pé ẹrú ni wọ́n ní Íjíbítì. Ẹrú kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Olówó rẹ̀ ni ó ni òwúrọ̀ rẹ̀, òun náà ni ó ni alẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, tí kò sì sí ẹni tí yóò na pàṣán sí i lẹ́yìn, òmìnira ni ó ń kéde.

Àwọn tí ó gbé ọjọ́ ìsinmi Kristi dé ilẹ̀ Yorùbá mọ ìtumọ̀ èyí nínú ara wọn. Ọ̀dọ́mọdé ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òsogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí ó fi di ará Freetown ní Sàró, tí a sì wá mọ̀ ọ́n sí Samuel Ajayi Crowther. Nígbà tí òun àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ọ̀pọ̀ àwọn tí a ti rà tí a ti tà rí, tí wọ́n sì ti Sàró padà sílé, ti wà ní ìlú náà. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan nínú méje tí kò sí olówó ẹrú tí yóò pàṣẹ fún wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní ọdún 1884, ọjọ́ ìsimi, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nígbà náà, ni a fi túmọ̀ Sábáàtì.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni ìfura sí eré ti wá? Nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí á ti wá a. Ní ọdún 1618, Ọba James Kìíní gbé ìkéde kan jáde tí ó gba àwọn ará ìlú láàyè láti jó, láti ta ọfà àti láti fò fún eré ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Àwọn Púrítánì tako ìkéde náà kíkankíkan; ní ọdún 1643, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pàṣẹ pé kí á dáná sun ìwé náà. Irú ìlekoko yìí kò parẹ́ pẹ̀lú àwọn Púrítánì. Púpọ̀ nínú àwọn míṣọ́nnárì ọ̀rúndún kọkàndínlógún bá a wá sí Áfíríkà. Àríyànjiyàn ilẹ̀ mìíràn ni ó di ìwà mímọ́ lójú ẹlòmíràn níhìn-ín.

Ìwé Mímọ́ kò bá eré jà. Nígbà tí wòlíì Sakaráyà rí Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run yóò tún ṣe, ó rí àwọn arúgbó tí wọ́n jókòó pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ ní ìta gbangba. Ó sì rí ìgboro tí ó kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣeré. Ohun tí ó fi mọ̀ pé Ọlọ́run ti padà sí ìlú náà nìyẹn. Àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ náà mọ èyí. John Cassian, tí ó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, ròyìn pé ọdẹ kan bá Àpọ́sítélì Jòhánù níbi tí ó ti ń fi ọwọ́ pa àparò kan lára. Ó ya ọdẹ náà lẹ́nu pé irú ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀ ń fi ẹyẹ ṣeré. Jòhánù bi í ní ìdí tí kò fi fa ọrun ọwọ́ rẹ̀ le ní gbogbo ìgbà. Ọdẹ ní bí òun bá ń fà á le títí, yóò sọ agbára rẹ̀ nù. Jòhánù ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn ènìyàn. Thomas Aquinas, tí ó kú ní ọdún 1274, gbé ìtàn yìí yẹ̀ wò, ó sì kọ́ni pé bí ara ti ń sinmi nípa dídẹwọ́ iṣẹ́, eré ni ọkàn fi ń sinmi.

‘Eré ni a ń fi ọmọ ayò ṣe,’ ni àwọn àgbà wí. Ojú méjìlá ni ọpọ́n ní, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ní ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ọ̀ta ti wù kí ó jẹ tó, nígbà tí ọwọ́ bá parí, gbogbo ọmọ náà ni a óò dà padà sínú ọpọ́n. Kò sí ẹni tí yóò ru èrè rẹ̀ lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń mú lọ ni ẹ̀rín, àti ara tí ó fúyẹ́. Nínú èyí ni eré fi jọ àdúrà: a kò lè tà á, a kò sì lè fi ṣírò owó oṣù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyí. Yóò rán wa létí pé bí a bá ṣiṣẹ́ bí ẹrú, a óò jẹun bí ọba. Òótọ́ ni. Òfin tí ó sọ̀rọ̀ ìsinmi ọjọ́ kan, òun kan náà ni ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní ohun tí yóò sinmi kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á kíyè sí òwe náà dáadáa: ẹrú ni ó bẹ̀rẹ̀, ọba ni ó parí sí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú títí tí kò jókòó jẹun rí, ìdajì òwe ni ó ń lò.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Báwo ni ìyá tí ń kiri ọjà, tí oúnjẹ ọ̀la kò dájú fún, yóò ti ṣe sinmi? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ẹrúbìnrin ti padà dé. Òfin náà kò dúró lórí baálé ilé nìkan. Ó dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀, àlejò àti màlúù pàápàá. Ẹni tí ó ní agbára ni a pa á láṣẹ fún kí ẹni tí kò ní agbára lè rí èémí mí. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé kan ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, kí á má wo ẹni tí ó nà gbalaja lórí àga. Kí á wo ilé ìdáná. Ta ni ó wà níbẹ̀ tí kò tí ì jókòó láti òwúrọ̀? Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré ní ìta, a jẹ́ pé ìsinmi ilé náà kò pé. Kí bàbá wẹ abọ́ ní ọjọ́ kan kì í ṣe àbùkù. Òfin ni ó ń mú ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ tí ó ń to ìpàdé lé ìpàdé lórí ọjọ́ Àìkú ní láti bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kì í ṣe òun ni ó di Fáráò.

Ọjọ́ kan nínú méje nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi nínú aginjù tí ó ní kí òun kú, Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a wí. Oorun àti oúnjẹ ni ó rí gbà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀rọ̀ tó dé. Jésù pẹ̀lú, nígbà tí èrò ń lọ tí èrò ń bọ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ráàyè jẹun, ó pè wọ́n sí apá kan kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ pàápàá, olùkọ́ lè pa ìwé dé ní wákàtí kan tí ó ti yàn. Ó lè pa àlọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì gba ègbè orin wọn. Ó lè gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀. Ìwé tí ó kù yóò wà níbẹ̀ lọ́la. Iṣẹ́ kì í tán láyé. Ẹni tí ó bá sì lè sùn nígbà tí iṣẹ́ kò tán, ó ti jẹ́wọ́ láìlanu pé kì í ṣe òun ni ó gbé ayé dúró.

Nígbà náà, bí a bá pàdé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí a sì kí i pé, ‘Ẹ kú ìsinmi,’ kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Yóò dáhùn, nítorí ìkíni náà yóò ti bá a mu.