ỌMỌ TÓ Ń SÙN LỌ́SÀN-ÁN
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Sábó)

Ẹ mọ̀ pé bí mo bá dìde báyìí, ọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí ti ofataìmù ni mo máa ń gbé wá. Tòní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ti ilé mi ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mo ń bá wí.

Gbogbo wa la rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni ìjọba fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà múlẹ̀, ilé-ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn, níbí ní Yábàá, ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, wọ́n ti ilé-ìwé pa ní Èkó. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, kónílé-ó-gbélé dé. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀. Awakọ̀ gbé danfo kalẹ̀, kọndọ́ jókòó sílé láìsí owó ojúmọ́. Ní ti àwọn ọlọ́kadà, ẹkún tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì, nígbà tí ìjọba lé wọn kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6.

Àwa tí à ń ṣe oúnjẹ, wọ́n ní kí a máa ṣiṣẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ní ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó gbé ẹní wá, kó máa sùn nínú ọgbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun. A jà fún ìbòmú, a jà fún owó ewu, a sì rí díẹ̀ gbà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè pé àwọn ọmọ tí a fi sílé ńkọ́. Èmi náà kò béèrè. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Kòrónà kì í pa ọmọdé bí ó ti ń pa àgbà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Yàrá kan ni a ń gbé, ènìyàn mẹ́fà. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, ó ń múra ìdánwò WAEC. Wọ́n sún ìdánwò náà síwájú, fún ìgbà pípẹ́ ni kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ fún wọn. Wọ́n ní rédíò àti tẹlifíṣàn yóò máa kọ́ wọn. Iná mélòó la ní?

Nígbà tí mo padà sílé, mo bá ọmọ tí n kò mọ̀. Ó ń sùn lọ́sàn-án, lóru ojú rẹ̀ kì í pa dé. Ẹ̀bà tó fẹ́ràn, kò fọwọ́ kàn án. Àbúrò rẹ̀ bá a ṣeré, ó gbá a létí. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ní, “Èmi ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ìwọ lè jẹun, ìwọ ń sùn bí ọba!” Mo sì nà án. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú yín.

Ìyá àgbàlagbà tó ń ta ògì ní ojúlé wa ló pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ọmọ mi, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó sọ fún mi lánàá pé bí òun kò bá sí, oúnjẹ á kárí àwọn tó kù.”

Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ jókòó síta. Mo bi í gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí kí n tó bi í, nítorí a máa ń rò pé ìbéèrè yẹn ni yóò fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Àwọn dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tu ọmọ lára ni. Ó sunkún títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń gbọ́ èmi àti ìyá rẹ̀ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ owó ilé lórí fóònù, tí a rò pé ó ti sùn.

Ibi tí mo mú un lọ nìyí, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ bí kọndọ́ ṣe ń fi “Yaba Left” bú èrò tó bá bá a ṣaáwọ̀. Èmi náà ti fi bú ènìyàn rí. Láti ọdún 1907 ni ilé-ìwòsàn náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, n kò sì mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀ka ti ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ́tọ̀ ní Òṣòdì. Kò sẹ́ni tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Obìnrin kan jókòó tì í, ó bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó bá èmi náà wí. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn ni, pàṣán kì í wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà la lọ, ó sì gba oṣù díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni wọ́n pè wọ́n padà sí ilé-ìwé, ní ọjọ́ 17 ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ó yege nínú díẹ̀, ó tún ìyókù ṣe lọ́dún kejì. Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe báyìí. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n sọ ọ́.

Kì í ṣe ilé mi nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lágbàáyé ní ọdún àkọ́kọ́ Kòrónà, àti pé àwọn ọ̀dọ́ wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Àjọ kan náà ní ọ̀kan nínú ọ̀dọ́ méje, láti ọdún 10 sí 19, ló ní àárẹ̀ ọpọlọ irú kan tàbí òmíràn. Ẹ ka iye ọmọ tó wà ní ojúlé yín.

Ní ọdún 2023, oṣù Karùn-ún, wọ́n ní pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà kónílé-ó-gbélé, àwọn ló ń ṣe kásúà ní ìdí ẹ̀rọ wa lónìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ jù, ẹ má kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ fún fóróman.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, Alága. Nínú ìwé àdéhùn wa, káàdì ìwòsàn ń sanwó ibà, eegun tó ṣẹ́ àti ìbímọ. Ti ọpọlọ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi wà fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, kò sí fún ẹni tó fẹ́ mú ọmọ lọ sí Òṣòdì kó má baà kú. Nígbà ìjókòó wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, mo dá a lábàá kí a béèrè méjèèjì, kí a má sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ fún owó ọkọ̀.

Mo ti kọ àbá náà sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ilé rẹ̀, tí kò sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, lẹ́yìn ṣíìfù alẹ́ ni mo máa ń wà lẹ́nu géètì.